Inú Ilé Leighton: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Ọ, Bí Wọ́n Ṣe Pa Á Rẹ́, Bí Wọ́n Ṣe Wá A Rí

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé àtijọ́ àti àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ ni, mo sì ti pinnu pé n kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ilé kan ni mo mú lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù níbí ló wà, ní Holland Park Road, ládùúgbò Kensington. Leighton House ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní High Street Kensington lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti pẹ́ gan-an ní ìlú yìí tí kò tíì yà síbẹ̀ rí. Lẹ́yìn òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà síbẹ̀.

Inú ilé náà ni n ó sọ̀rọ̀ lé, n kò ní pẹ́ lóde. Láti ojú títì, ilé bíríkì pupa tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni, àfi òrùlé rìbìtì kan tó yọrí lápá ìwọ̀-oòrùn, tó lè mú kí ẹni tó ń kọjá béèrè pé irú ilé wo nìyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju ẹyọ kan lọ: inú ilé lè kú nígbà tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, ẹni tó bá sì fẹ́ jí i dìde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìfẹ́ nìkan kò tó, owó nìkan kò sì tó.

Frederic Leighton ló ni ilé náà. Scarborough ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1830, nínú ẹbí oníṣègùn tó rí jájẹ. Láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń mú un káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, Frankfurt àti Ítálì ló sì ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ní ọdún 1855 ó gbé àwòrán ńlá kan nípa Cimabue, ayàwòrán ará Florence, wá sí ìpàtẹ ẹgbẹ́ Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló rà á ní 600 gíní. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti dé ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní 1878 wọ́n fi í jẹ olórí ẹgbẹ́ Royal Academy, ipò náà ló sì wà títí ó fi kú. Kò gbéyàwó, kò sí ọmọ nílé.

Ní 1864 ó gba ilẹ̀ ní Kensington, ó sì ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Aitchison, tí wọ́n ti mọ ara wọn ní Róòmù, pé kó wá ya ilé fún òun. Iṣẹ́ etí odò, ilé ìkẹ́rù àti ibùdókọ̀ ojú omi, ni Aitchison bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń ṣe ilé yìí fún ọgbọ̀n ọdún gbáko. Wọ́n parí apá kìíní ní 1866. Wọ́n fẹ yàrá ìyàwòrán ní 1869 sí 1870. Gbọ̀ngàn Lárúbáwá tí n ó dé láìpẹ́ wáyé láàárín 1877 àti 1881. Wọ́n tún kọ́ yàrá ìyàwòrán onígíláàsì fún ìgbà òtútù, nítorí kùrukùru Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà náà kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó láti yàwòrán. Ní 1895, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí yàrá tí wọ́n fi sílíkì bo ara ògiri rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pín yàrá ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwà onílé ti hàn. Nínú ilé tó tó báyìí, yàrá ìsùn kan ṣoṣo ni Leighton ṣe sí òkè, ti ara rẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá kí i, bó ti wù kó pọ́n ọn lé tó, yóò jẹun, yóò gbọ́ orin, yóò sì lọ sun ilé rẹ̀. Yàrá ìsùn náà kò ní fàájì nínú rárá. Àmọ́ yàrá ìyàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé ńlá rẹ̀ sì kọjú sí àríwá, nítorí ìmọ́lẹ̀ àríwá kì í yí padà bí oòrùn bá ń rìn. Àwọn tó ń jókòó fún un kí ó lè yà wọ́n ní àtẹ̀gùn tiwọn lẹ́yìn ilé. Wọn kì í gba ojú àlejò kọjá. Wọ́n tún fi àyè tóóró kan tó ga sílẹ̀ lára ògiri, tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ jáde. Nínú yàrá yìí ló ti ya *Flaming June* ní 1895, obìnrin tó sùn nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí ó jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ponce ní Puerto Rico lónìí. Níbẹ̀ náà ló ti máa ń pe àwọn olórin jọ lọ́dọọdún. Joseph Joachim ta fayolíìnì níbẹ̀, Charles Hallé tẹ dùùrù.

Ìsàlẹ̀ ni àfihàn wà. Aitchison kun àwọn ilẹ̀kùn ní dúdú dídán, ó fín ọnà sí wọn lára, ó sì fi wúrà sínú ìlà ọnà náà. Ó kun yàrá ìjẹun ní pupa. Ní pálọ̀, Leighton so àwòrán mẹ́rin tí Corot, ará Faransé, yà nípa ìgbà mẹ́rin inú ọjọ́ mọ́ ògiri, ó sì fi àwòrán kékeré kan tí Delacroix yà sí òkè àjà. Àwọn àwòrán Corot náà wà ní National Gallery báyìí. Gbogbo àwọ̀ yìí, dúdú pẹ̀lú wúrà, pupa, àwọ̀ ewé, ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn kí ẹni tó bá ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn lè máa rí i pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ ilé olówó ayé Victoria ní ilẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wọn kàn kó ẹrù sí ara wọn lórí ni. Ti Leighton yàtọ̀, nítorí pé ayàwòrán ni, ó mọ ohun tí àwọ̀ kan ń ṣe fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wọ Gbọ̀ngàn Lárúbáwá wàyí.

Leighton ti rìn lọ sí Algeria ní 1857, ó dé Túrkì àti erékùṣù Rhodes ní 1867, ó dé Íjíbítì ní 1868, ó sì dé Damascus ní 1873. Nínú àwọn ìrìn àjò yìí ló ti ń kó táìlì jọ. Nígbà tí wọ́n pọ̀ débi pé kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí mọ́, ó ní kí Aitchison kọ́ gbọ̀ngàn kan fún wọn. Ààfin La Zisa ní Palermo, ní Sicily, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Mùsùlùmí kọ́ fún àwọn ọba Norman ní ọ̀rúndún kejìlá, ni wọ́n wò ṣe àpẹẹrẹ.

Kí èèyàn tó débẹ̀, yóò kọ́kọ́ gba gbọ̀ngàn kékeré kan kọjá tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ ọ̀kín tẹ́ ara ògiri rẹ̀. William De Morgan, amọ̀kòkò tó gbajúmọ̀ jù láyé ìgbà náà, ló ṣe àwọn táìlì yẹn, àwọ̀ aró wọn sì jìn débi pé ara ògiri dà bí omi tó dúró. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà là sí ibi gíga kan. Òrùlé rìbìtì wà lókè, ó ní fèrèsé gíláàsì aláràbarà káàkiri rẹ̀. Nísàlẹ̀, láàárín ilẹ̀, wọ́n gbẹ́ adágún kékeré sínú mábù dúdú kan ṣoṣo, omi sì ń tú jáde láàárín rẹ̀. Wọ́n ní ó ju àlejò kan lọ tó ti ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ nítorí pé ojú wọn wà lókè. Lára ògiri ni àwọn táìlì Damascus wà, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, pẹ̀lú díẹ̀ láti İznik ní Túrkì: òdòdó, ewé àjàrà, ẹyẹ, ní àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé lórí funfun. Àwọn àsẹ́ onígi tún wà lójú fèrèsé. De Morgan náà ló to àwọn táìlì, ibi tí wọn kò sì ti pé, ó mọ tuntun tó jọ wọ́n dí i. Lókè àwọn táìlì ni ọ̀já wúrà kan ti yí gbọ̀ngàn náà ká, ègé gíláàsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò di àwòrán ẹyẹ àti ẹranko àrímáleèlọ. Walter Crane ló yà á, Venice ni wọ́n ti tò ó. Orí àwọn òpó ńlá, tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí, wá láti ọwọ́ Randolph Caldecott, ẹni tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nídìí ìwé àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin alfa tó wà láàárín wa, nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbójú sókè sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà Ar-Rahman ni wọ́n kọ sára àwọn táìlì ibẹ̀.

Mo nífẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn yìí. Nítorí náà ni mo ṣe gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù. Leighton kò dá nìkan kó àwọn táìlì náà jọ. Caspar Purdon Clarke, tó ń ra ohun ọnà fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington, bá a rà lára wọn. Richard Burton, arìnrìn-àjò tí gbogbo ayé mọ̀, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Damascus láàárín 1869 àti 1871, náà bá a wá. Burton kọ lẹ́tà sí Leighton ní 1871 pé kò sí ohun tó burú lójú òun bí wọ́n bá wó odindi ilé kan nítorí táìlì tí Leighton ń wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni láti rí ilé tó ní táìlì, àti pé àwọn tó ń tà á ti mọ iye tó tó, wọ́n sì ti ń gbé owó lé e. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, láìfòyà.

Ẹ rò ó wò. Ilé kan tí gbogbo wa ń sáré láti dáàbò bò lónìí, lára ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti rí èyí tó dára jù nínú rẹ̀. Ìdílé kan ní Damascus gbé láàárín àwọn òdòdó wọ̀nyẹn, ọmọ wọn fi ọwọ́ kan wọn. A kò mọ orúkọ ìdílé náà, a kò mọ òpópónà tí ilé wọn wà. Orúkọ De Morgan wà ńbẹ̀, ti Crane wà ńbẹ̀, ti Caldecott wà ńbẹ̀. Ti àwọn amọ̀kòkò Síríà tó ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá wò kò sí níbì kankan. Èmi kò sọ pé kí wọ́n wó gbọ̀ngàn náà. Mo ń sọ pé ẹni tó bá ń tún inú ilé ṣe gbọ́dọ̀ tún ìtàn inú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú, kó má fi apá tó korò sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù January ọdún 1896, wọ́n fi Leighton jẹ oyè Lọ́ọ̀dù. Òun ni ayàwòrán àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ó kú. Wọ́n sin ín sí St Paul's.

Ikú inú ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù July ọdún náà gan-an. Ó ti ní kí wọ́n pín owó fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn ikú òun, lára rẹ̀ ni 10,000 pọ́n-ùn fún Royal Academy, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ní láti wá owó náà. Ni wọ́n bá kó gbogbo ohun inú ilé lọ fún gbàǹjo ní Christie's. Àwòrán, kápẹ́ẹ̀tì, àga, ìkòkò, gbogbo rẹ̀ túká sọ́wọ́ ẹni tó bá lówó jù lọ. Ohun tí wọn kò lè ká kúrò lára ògiri nìkan ló ṣẹ́ kù. Wọ́n gbìyànjú láti ta ilé náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ilé oníyàrá ìsùn kan? Ìwà onílé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló gba ilé náà sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan, Emilie Barrington, kó ìgbìmọ̀ jọ láti pa á mọ́, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1920, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kensington. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn àfihàn kan mọ́ ọn ní 1929 ní ìrántí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Muriel Ida Perrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù ba ilé náà jẹ́.

Wọ́n tún ibi tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ṣe. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló burú jù, ẹ̀mí rere ni wọ́n sì fi ṣe é. Lẹ́yìn ogun, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ohun ọ̀ṣọ́ ayé Victoria kò dára. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, ó ti dúdú jù, ó ti di ti àwọn bàbá àgbà. Wọ́n nílò ibi ìpàtẹ àwòrán tó mọ́, tó sì tàn. Nítorí náà wọ́n gbé ọ̀dà funfun, wọ́n kun yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Pupa yàrá ìjẹun lọ. Àwọ̀ tí Aitchison fi ọ̀pọ̀ ọdún rò lọ. Gbọ̀ngàn Lárúbáwá nìkan ni wọn kò lè kùn, nítorí pé táìlì ni. Kó tó di pé ó tó ìran méjì lẹ́yìn ikú onílé, ẹni tó bá wọ ilé náà yóò rí ohun ìyanu kan láàárín ilé tí kò ní ohùn. Ọ̀tá kò ṣe tó èyí. Àwọn tó ń tọ́jú ilé ló fi ọ̀dà pa á rẹ́, wọ́n sì rò pé àwọn ń tún un ṣe.

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùtọ́jú ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Iṣẹ́ ńlá wáyé láàárín 2008 àti 2010, ó sì gba 1.6 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Kí ẹ tó yìn wọ́n, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹnikẹ́ni tó ní ilé àtijọ́.

Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọ̀dà. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Àwòrán alámì tí Aitchison fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà tí ó sì kùn ṣì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé, RIBA. Ilé iṣẹ́ fọ́tò Bedford Lemere ti wá ya inú ilé náà nígbà tí Leighton ṣì wà láyé, ní 1895. Ìwé gbàǹjo Christie's wà, tó to gbogbo ẹrù yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ti ń ṣe: ìwé tí wọ́n fi tú ilé náà ká ni wọ́n wá fi kó o jọ. Àwọn oníròyìn ayé ìgbà náà tó wá kí Leighton sì ti kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn.

Fọ́tò wà, àmọ́ fọ́tò dúdú àti funfun ni. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò ṣìnà níbẹ̀. Àwọn gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà náà kì í rí àwọ̀ bí ojú ènìyàn ti ń rí i. Pupa máa ń jáde bí ohun dúdú, àwọ̀ aró máa ń jáde bí ẹni pé ó funfun. Ẹni tó bá wo fọ́tò yàrá ìjẹun nìkan lè búra pé dúdú ni ògiri. Nítorí náà, fọ́tò lè sọ ibi tí àga wà, ó lè sọ irú ọnà tó wà lára aṣọ fèrèsé, kò lè sọ àwọ̀.

Ara ògiri gan-an ló ń sọ àwọ̀. Wọ́n á fi abẹ ha ègé kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ kúrò lára ògiri, láti òkè ọ̀dà dé ìsàlẹ̀ símẹ́ńtì tàbí ẹfun. Wọ́n á dè é mọ́ inú rísìnì kí ó lè le, wọ́n á gé e ní ìbú, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti kùn sára ògiri láti ọjọ́ tí ilé ti wà yóò jáde lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìlà dúdú tíntín bá wà láàárín ọ̀dà kan àti èkejì, èéfín àti eruku ni, ìyẹn ni pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ pẹ́ lójú ayé kí wọ́n tó kun òmíràn lé e. Bí kò bá sí ìlà kankan, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ kan náà ni wọ́n kun méjèèjì, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ fún òkè. Ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà tún ń jẹ́rìí. Ọ̀dà funfun tó bá ní titanium nínú kò lè ti ayé Leighton wá, nítorí pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni irú rẹ̀ dé ọjà. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá jókòó ti iṣẹ́ yìí dáadáa, yóò lè sọ pé: ibi báyìí ni ti Aitchison, ibi báyìí ni ti àwọn tó wá lẹ́yìn ogun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ké sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n tún fi awẹ́ wúrà bo inú òrùlé rìbìtì Gbọ̀ngàn Lárúbáwá. Wọ́n tún kun àwọn yàrá ní àwọ̀ wọn, wọ́n so aṣọ sílíkì aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri yàrá tí Leighton kọ́ gbẹ̀yìn. Wọ́n wá àwọn ẹrù rẹ̀ tí gbàǹjo ti tú ká, wọ́n rí díẹ̀ rà tàbí yá. Èyí tí wọn kò rí, wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe irú rẹ̀ láti ojú fọ́tò. Ní 2012, iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Europa Nostra.

Àwọn kan máa ń bínú sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ayédèrú ni, pé ó sàn kí yàrá ṣófo ju kí a fi àga tuntun tan àlejò lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, n kò sì fara mọ́ wọn. Yàrá tó ṣófo náà ń purọ́, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni onílé ṣe gbé. Bí ẹ̀rí bá wà pé àga báyìí wà níbí, tí ẹ sì sọ fún àlejò láìfi pamọ́ pé èyí tó ń wò kì í ṣe ti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí ẹ rẹ́ jẹ. Ibi tí mo ti ń dúró ni ibi tí ẹ̀rí bá tán. Bí kò bá sí fọ́tò, tí kò sí ìwé, tí ara ògiri kò sọ nǹkan kan, kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi ìrònú ara rẹ̀ dí ihò ìtàn, ilé tirẹ̀ ló ń kọ́.

Iṣẹ́ kejì tẹ̀ lé e, ó gba nǹkan bí 8 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, àjọ tó ń fi owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ṣe ìrànwọ́ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì dá sí i. Ilé náà tún ṣílẹ̀kùn ní oṣù October 2022. Ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Iran kan, Shahrzad Ghaffari, ya ọnà kan tó ga tó mítà 11 sára ògiri àtẹ̀gùn tuntun. Àga àti tábìlì tí àlejò ń lò níbẹ̀ wá láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amman, ní Jọ́dánì, àwọn ọmọ Síríà tí ogun lé kúrò nílé sì wà lára wọn. Inú mi dùn púpọ̀ sí èyí. Kò san gbèsè àwọn táìlì Damascus, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó san án. Àmọ́ lẹ́yìn ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ilé náà fi iṣẹ́ sọ́wọ́ ọmọ Síríà, ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ó kù kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ ara wa, nítorí pé ìdí tí ẹ fi ní kí n wá kò lè yé mi lọ́nà mìíràn. Kò sí ìdílé kan nínú yàrá yìí tí kò ní ilé bàbá tàbí ilé ìyá kan nílé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó mú iṣẹ́ ilé kíkọ́ wá, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ọnà wọn sì tàn dé Ìjẹ̀bú Òde, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, ó dé Porto-Novo. Ní Tinúbú Square ní Èkó, ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wà tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ọdún kan náà tí Ọbabìnrin Victoria ra àwòrán Leighton. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù September ọdún 2016 wọ́n wó o. Ìwé ìjọba wà, òfin wà, ilé kò sí mọ́. Fọ́tò ojúlé rẹ̀ wà káàkiri. Ta ló lè sọ fún mi lálẹ́ òní irú àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kun pálọ̀ òkè rẹ̀?

N kò ní agbára láti sọ pé kí ẹ má ṣe tún ilé bàbá yín kùn. Ilé tí ènìyàn ń gbé gbọ́dọ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n bí ògiri rẹ̀ bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Símẹ́ńtì máa ń há omi mọ́ inú amọ̀, ògiri yóò sì máa jẹrà láti inú wá nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ ní kó wá ẹfun. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ilẹ̀kùn onígi tó ní ọnà kúrò láti fi ti irin sí i, ẹ gbé ti onígi náà pamọ́ sí yàrá kan, ẹ má fi dáná.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa lọ sílé nígbà ọdún. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkè àjà, ilẹ̀, ojú fèrèsé, ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí. Níbi tí ọ̀dà bá ti ń bó, ẹ mú ègé rẹ̀ kan, ẹ fi sínú ànfílópù, ẹ kọ yàrá tó ti wá àti ọjọ́ tí ẹ mú un sí i lára. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ béèrè àwọ̀ tí pálọ̀ jẹ́ nígbà tó wọ ilé ọkọ, ẹni tó kùn ún, káfíńtà tó gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹni tó ń kunlé tó dé.